Ọmọ Tá A Ń Pè Ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́

Ó ti lé lọ́sẹ̀ méje báyìí tí ojú àtàǹpàkò kan ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń bá a sùn, mo ń bá a jí. Màá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítọ́mà á máa ná oògùn apakoríko lọ́wọ́ mi, mi ò ní gbọ́ nǹkan tó ń sọ, torí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kan ni mò ń rí, ẹsẹ̀ ọ̀tún, pẹ̀lú kòtò róbótó lórí ẹ̀ níbi tí nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ ẹ́, tí kòtò yẹn ò sì dìde.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ìtìjú ni ò jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn kún dáadáa, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń yìn ín pé "ọmọ yìí mà sanra o." Mo rọra pe ìyá ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dìde padà lójú ẹsẹ̀. Sísanra ló sanra lóòótọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo wo ojú gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀yàtọ̀ sísanra àti wíwú tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ẹni tí ebi ń pa

Ajílẹ̀ ni mò ń tà, pẹ̀lú irúgbìn àti oògùn kòkòrò, lápá Ìsìnkàn níbí ní Àkúrẹ́. Ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá. Àwọn àgbẹ̀ máa ń wá bá mi láti Ìdànrè, láti Ìjú, láti Ìta-Ògbólú, láti ọ̀nà Owena, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ orúkọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà, ewé ni wọ́n máa ń já wá, wọ́n á yọ ọ́ nínú ọ̀rá, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí káńtà, "Ẹ bá mi wò ó, kí ló ń ṣe é?" Mo sì máa ń mọ̀ ọ́n. Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n.

Tí ewé àgbàdo bá pọ́n bí ìyeyè, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ewé ìsàlẹ̀ ni àbí ewé òkè? Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, àwọn ewé tó ti dàgbà, tí pípọ́n yẹn sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé tó ń gba àárín bọ̀ sídìí, náítírójìn, ọ̀kan lára èròjà inú ajílẹ̀, ló ń wá. Tó bá jẹ́ etí ewé ló ń gbẹ bí ẹni pé iná rà á, potáṣíọ̀mù ni. Tí ewé bá ní àwọ̀ elésè àlùkò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló ń ṣá, tí iṣan inú ẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, áyọ́ọ̀nù, ìyẹn irin, ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè òkè tàbí ìsàlẹ̀, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Náítírójìn máa ń rìn nínú ohun ọ̀gbìn. Tí kò bá tó, àgbàdo á yọ ọ́ lára ewé àgbà, á gbé e lọ fún ewé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ewé àgbà á pọ́n, á gbẹ, ewé ọmọ á ṣì máa tutù. Áyọ́ọ̀nù ní tiẹ̀ kì í rìn bẹ́ẹ̀, ibi tó bá wà ló ń dúró sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ewé ọmọ ló ń jìyà tí kò bá sí i. Ṣùgbọ́n ti náítírójìn, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ rù ú.

Nǹkan kan tún wà tí èmi àtàwọn kọ́sítọ́mà mi máa ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n á ní ajílẹ̀ ni oúnjẹ àgbàdo, pé ilẹ̀ ló ń bọ́ igi. Rárá o. Ewé ló ń se oúnjẹ igi. Afẹ́fẹ́ táwa ń mí síta, omi tí gbòǹgbò fà wá, oòrùn, ohun tó ń mú ewé tutù ló fi ń sè é. Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ níbi tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, Jan van Helmont lorúkọ ẹ̀, ó wọn iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ pọ́n-ùn 200 sínú ìkòkò ńlá, ó gbin igi kékeré kan tó wúwo tó pọ́n-ùn 5 sínú ẹ̀, omi nìkan ló ń bu sí i fún ọdún 5. Nígbà tó tún un wọ̀n, igi ti di pọ́n-ùn 169, iyẹ̀pẹ̀ ò sì dín ju áúnsì 2 péré lọ. Òun rò pé omi ló di igi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1648 lẹ́yìn tó ti kú. Ó di 1779 kí Jan Ingenhousz tó fi hàn pé oòrùn ni ewé tútù fi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Áúnsì 2 yẹn ló máa ń jẹ́ kí n ronú. Kò ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ, ẹ lè dì í sọ́wọ́ kan. Igi ò sì lè di igi láìsí i. Nǹkan tí mò ń tà nínú àpò nìyẹn, díẹ̀ tí oúnjẹ ò lè di ara láìsí ẹ̀.

Mo mọ gbogbo èyí o. Mo ń sọ ọ́ fún èèyàn lójoojúmọ́.

Tútù tí kì í ṣe ti igi

Ọmọ tí mo ń rí ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹn, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni. Èkó ni bàbá àti ìyá ẹ̀ ń gbé. Ó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìyá ẹ̀ fi lóyún òmíràn, wọ́n já a lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé e wá fún Màmá wa ní Oǹdó. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́ ìyá àgbà la dàgbà sí.

Màmá kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Oǹdó mọ̀ pé èèyàn kì í tibẹ̀ jáde láìjẹun. Ọmọ yìí ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, ó ń jẹ iyán lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún un, ó tún ń mu ẹ̀kọ lálẹ́. Nígbà tó yá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rí i tí kì í fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà fà á. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀ lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé, "Màmá ń tọ́jú ọmọ rẹ o, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́." Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò lè wò ó, mi ò sì lè pa á rẹ́.

Irun ẹ̀ ń pọ́n, ó ń fẹ́lẹ́, a ní irun ìyá ẹ̀ ló mú. Kì í fẹ́ ṣeré, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí náà lẹ máa padà bá a, a ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò yọ Màmá lẹ́nu. Nǹkan kékeré á mú un sunkún, ohùn ẹkún yẹn ò tiẹ̀ ní okun nínú, a ní àárò ìyá ẹ̀ ló ń sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀ la rí ìdáhùn fún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kó wọn jọ sójú kan. Ká ní àgbẹ̀ kan ló já ewé mẹ́ta irú ẹ̀ wá bá mi ni, kó tó jókòó màá ti sọ ohun tó ń ṣe oko ẹ̀ fún un.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, oko kòkó ló ní lọ́nà Ìdànrè. Ó máa ń mú mi dúró sábẹ́ igi kòkó kan tó kún fún ewé bámúbámú, á ní, "Fi ewé kòkó hàn mí níbẹ̀." Màá nawọ́ síbi tó tutù jù. Àfòmọ́ ni. Ẹyẹ ló ń jẹ èso ẹ̀, kóró ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bíi gọ́ọ̀mù, á ti ẹsẹ̀ bọ inú igi, á máa fa omi àti èròjà mu lára ẹ̀. Ewé tiẹ̀ náà máa ń tutù, ó tiẹ̀ ń fi oòrùn se oúnjẹ fúnra ẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka kòkó tó wà níwájú ibi tó jókòó sí á máa kú lọ. Òwe ní àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan. Bàbá mi kì í pa òwe yẹn, ohun tó máa ń sọ tó bá gbé àdá sókè ni pé, "Tútù tó o rí yẹn, kì í ṣe ti igi."

Ibùdó ìlera

Kì í ṣe nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ la ṣe gbé e lọ. Awọ ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣí, bí ọ̀dà ara ògiri ṣe máa ń ṣí, Màmá rò pé èélá ni, ó ti fi àdí pa á títí. Ó gbé e wá bá mi ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní ká jẹ́ ká gbé e dé ibùdó ìlera kan tí kò jìnnà sí mi, wọ́n á fún wa ní ìpara, ká máa lọ. Mo tiẹ̀ sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé mi ò ní pẹ́ dé.

Nọ́ọ̀sì tá a bá níbẹ̀, obìnrin tó ti dàgbà ni, ó wọ jígí tí wọ́n fi okùn so mọ́rùn. Kò wo ibi tó ń ṣí rárá. Ó bọ́ sálúbàtà ọmọ, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan ara ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ òkè ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń kà lẹ́nu, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ó wá gbé ọwọ́ kúrò.

Kòtò méjì dúró síbẹ̀. Bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ amọ̀ tútù. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo tẹjú mọ́, mò ń retí pé á dìde, mò ń sọ ọ́ nínú mi pé dìde, dìde. Kò dìde. Ọmọ náà ò sunkún, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ń wò.

Ó mú ríbọ́ọ̀nù kékeré kan tó ní àwọ̀ mẹ́ta, ó fi wọn apá ẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́. Tó bá dín sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, inú pupa ló bọ́ sí, tó bá tó 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú àwọ̀ ewé. Ti ọmọ wa bọ́ sí àárín. Ara tù mí díẹ̀, mo ní ó mà dáa bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti wú báyìí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tí kò dìde, wọn kì í wo ti ríbọ́ọ̀nù mọ́, ó ti dé ibi tó le jù nìyẹn.

Ó wá kọjú sí Màmá. "Màmá, kí lọmọ yìí máa ń jẹ?"

Màmá bínú díẹ̀. "Ó ń jẹun o, ọmọ mi. Kì í ṣe ọmọ tébi ń pa. Ẹ̀kọ tó mu láàárọ̀ yìí, ó mu ún yó."

"Mo mọ̀ pé ó ń yó, Màmá. Tó bá jẹ ẹ̀bà, kí ló máa ń wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀?"

Màmá lanu, ó tún pa á dé. Ó wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀, torí mo mọ ìdáhùn. Omi ọbẹ̀ ni. Omi ọbẹ̀ yẹn lèmi náà jẹ dàgbà.

Kwashiorkor lorúkọ àìsàn náà. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ rántí fọ́tò àwọn ọmọ ìgbà ogun Biafra, a sì ti fi sọ́kàn pé ti ogun ni, ti ìyàn ni, kì í ṣe ti ilé tí wọ́n ti ń gúnyán. Dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà, kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1933, nígbà tó sì di 1935 ó lo orúkọ táwọn ìyá tó ń sọ èdè Gã ń pè é. Ìtumọ̀ ẹ̀ lédè wọn ni àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò ẹ̀ bá dé. Mo gbé fóònù kalẹ̀ nígbà tí mo ka ibẹ̀. Àbúrò ẹ̀ dé. Wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Àwọn ìyá yẹn ti mọ ìtàn ọmọ wa kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Wíwú yẹn, omi ni. Purotéènì, irú èròjà tó ń kọ́ ara, kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá wa di omi mú kó má baà jò sínú ẹran ara, nínú ọmọ tó ní àìsàn yìí ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, omi á wá máa kóra jọ sí ẹsẹ̀, sí ojú, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí gbogbo ohun tó ń fà á, wọ́n ní ó ju purotéènì nìkan lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ohun tó ń wọnú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò pé. Omi la ń fà lẹ́rẹ̀kẹ́ tá a ń rẹ́rìn-ín.

Ẹran, ẹyin àti olè

Ìyá mi ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, mi ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni bú u. Kì í ṣe ahun. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Wọ́n kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ti ń jẹ ẹyin á jalè, pé tọ́mọ bá ti mọ adùn ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìkòkò, pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa á jẹ òkèlè tán kó tó fọwọ́ kan ẹran. Nílé wa, itan adìẹ, ti bàbá. Tí àlejò bá wà, tiẹ̀ náà ńbẹ. Èyí tó bá wá dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọdé ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, a ó gbé e sí etí àwo, a ó máa fi òkèlè yí i ká, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ tiẹ̀ ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀jẹun. Ẹni tó pẹ́ kó tó jẹ ẹ́ ni wọ́n ń yìn. Mo gba ìyìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ bá mi padà sórí àgbàdo. Náítírójìn tí mo ní àgbàdo ń yọ lára ewé àgbà fún ewé ọmọ yẹn, òun gan-an ló wà nínú purotéènì. Mi ò kàn fi ṣe àfiwé o, ohun kan náà ni. Ẹran, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà, gbogbo wọn ló ní in nínú. Ṣúgà ò ní in, òróró ò ní in, ohun tó pọ̀ jù nínú gààrí ò ní in. Àwọn yẹn ń fún ara ní agbára tó máa fi ṣiṣẹ́, wọn ò lè kọ́ ara. Nítorí náà ebi tó ń pa àgbàdo kọ́sítọ́mà mi àti ebi tó ń pa ọmọ àbúrò mi, ebi kan náà ni, mo sì ń ta oògùn ẹ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún mọ́kànlá.

Ohun tó wá ń dùn mí dé egungun nìyí. Àgbàdo tí kò ní ọpọlọ, tí nǹkan bá wọ́n, ń yọ ọ́ lẹ́nu àgbà fún ọmọ. Àwa ń yọ ọ́ lẹ́nu ọmọ fún àgbà. Àwa kan náà la ní òwe pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àwa la ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. A mọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kò dé ìdí ìkòkò.

Ẹ tún wo èyí tá a máa ń fi yangàn ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo sì fẹ́ràn iyán. Àmọ́ ẹ kà á wò, kò dárúkọ ohun kankan tó wà nínú ọbẹ̀. Èyí tó ní àìrí rárá la fi ń jẹ, tí àgbàlagbà ò ní fi ṣe oúnjẹ tó bá rí òmíràn, òun náà la ń bu fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmú, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Èérí

Mo lọ sí Oǹdó, mo jókòó ti Màmá nígbà tó ń ṣe ògì. Ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó ń da omi lé e, ó ń fi ọwọ́ rò ó, títí ohun tó kù lórí aṣọ fi di èérí lásán. Ó kó èérí dà sí ewúrẹ́. Nínú èérí yẹn ni púpọ̀ nínú ọlẹ̀ kóró àgbàdo lọ, níbi tí òróró ẹ̀ àti apá kan nínú purotéènì ẹ̀ wà. Ìyókù la wá ń po, omi gbígbóná á lù ú, á di nǹkan tó pọ̀ nínú ife, ikùn ọmọ kéré, á kún wẹ́rẹ́. Ewúrẹ́ Màmá sanra, irun ẹ̀ ń dán.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má mu ẹ̀kọ o. Àwọn tó kọ́kọ́ fi àkàrà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ ò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́n. Purotéènì ní àwọn ègé kéékèèké tí ara ń tò pọ̀, ọ̀kan wà ńbẹ̀ tó ń jẹ́ láísíìnì, àgbàdo ò ní in tó, ẹ̀wà ní in dáadáa. Ẹ kó méjèèjì síwájú ọmọ, ọ̀kan á dí ihò èkejì. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì tó lé ní gíráàmù 20 ló wà ńbẹ̀. Ti gààrí ò ju gíráàmù 1 tàbí díẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀wà sì wà lọ́jà Ọba, ó wà ní Ìsìnkàn, ó wà níwájú ilé Màmá, obìnrin kan ń fi din àkàrà láràárọ̀. Ohun tí ọmọ nílò ò jìnnà sí i ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Mo ní ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ń gbin nǹkan sí káwọn kọ́sítọ́mà lè fojú rí i. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé wa láti ibùdó ìlera lọ sí ọsibítù, tí wọ́n dá ọmọ dúró síbẹ̀, mi ò lè sùn, mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo fa ẹ̀wà kan tu. Gbòǹgbò ẹ̀ kún fún kókó wínníwínní, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín láìlétò. Mo fi bíléèdì la ọ̀kan. Inú ẹ̀ pupa, pupa bí ẹran tútù. Bakitéríà, ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán ò lè rí, ló ń gbé inú kókó yẹn, ẹ̀wà ń fún un ní ṣúgà tó sè pẹ̀lú oòrùn, òun náà ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀wà lè lò. Ohun tó mú un pupa bẹ́ẹ̀, mọ̀lẹ́bí ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa ni. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn. Ó wọ imú ọmọ yẹn, ó jáde, tọ̀sán tòru, fún oṣù mẹ́wàá gbáko, kò lè rí ẹyọ kan mú nínú ẹ̀. Kò séèyàn tó lè mú un, àgbàdo náà ò lè mú un. Ó ní láti gba ọ̀nà bí inú kókó pupa yẹn tàbí inú àpò ajílẹ̀ wá kó tó di ewé, kó tó di kóró, kó tó wá dé ẹnu ọmọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò ẹ̀wà lọ́wọ́, mo sunkún díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀

Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù tí wọ́n gbé wa lọ. Bàbá ẹ̀ ti Èkó dé lọ́jọ́ kejì. Kò bá Màmá jà, kò bá èmi náà jà, ó kàn dì mọ́ ọmọ ẹ̀.

Mo ti ra páálí ẹyin lọ síbẹ̀. Wọ́n dá a padà fún mi. Wàrà kan tí wọ́n ń pè ní F-75 ni wọ́n ń fún un, ní ife kékeré, tọ̀sán tòru, kò lágbára rárá, kálórì 75 ló wà nínú mílílítà 100, purotéènì inú ẹ̀ ò sì pọ̀. Ó bí mi nínú. Mo ní ṣebí purotéènì lẹ ní kò jẹ, ẹ wá ń fún un ní omi wàrà? Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ara tó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ọkàn ẹ̀, kíndìnrín ẹ̀, kò tíì lè gbé oúnjẹ ńlá, tí wọ́n bá da á lù ú lójijì ó lè pa á. Tára bá ti padà sípò díẹ̀ tó sì ti ń wá oúnjẹ fúnra ẹ̀ ni wọ́n á gbé èyí tó lágbára wá.

Mo dákẹ́, torí mo mọ ìyẹn náà. Kọ́sítọ́mà mi kan rí àgbàdo tó pọ́n, ó lọ da ajílẹ̀ NPK sídìí ẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, ilẹ̀ sì gbẹ lákòókò yẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo ẹ̀ ti jó. Iyọ̀ inú ajílẹ̀ ló fa omi jáde nínú gbòǹgbò. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Nígbà tó di bí ọjọ́ kẹfà, omi ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn sì fọ́n. A wá rí ọmọ gan-an. Egungun àyà ẹ̀ hàn, apá ẹ̀ tínrín bí igi ìṣáná. Màmá bú sẹ́kún, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi dà? Kí lẹ ṣe fún un?" Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní, "Màmá, ẹ má sunkún. Ó ń gbádùn nìyẹn." Lọ́jọ́ yẹn náà ni ọmọ fi ọwọ́ gbá ife mọ́lẹ̀ torí wàrà inú ẹ̀ tán. A ò rí i kó bínú nítorí oúnjẹ rí.

Ẹ̀pà lílọ̀ tí ọmọ á máa jẹ, tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fi dá wa padà sílé, wọ́n sì ní ká máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ Màmá, òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ òun. Ó ti ra adìẹ mẹ́rin. Ẹyin àkọ́kọ́ tí wọ́n yé, ó sè é, ó bó o, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, ojú ẹ̀ wá ń ṣe bí ojú ẹni tó ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó wá jókòó ti ọmọ títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yẹn ń sáré báyìí. Ó ti dé ẹ̀yìn kí n tó mọ̀, ó fa ẹ̀wà mi kan tu pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e wá hàn mí, iyẹ̀pẹ̀ ń jábọ́ sí i láyà, kókó wínníwínní yẹn kún gbòǹgbò ẹ̀. Mi ò bá a wí. Mo gbé e ka orí káńtà, mo bọ́ sálúbàtà ẹ̀, mo fi àtàǹpàkò mi tẹ òkè ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún, mo kà á, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, mo gbọ́wọ́ kúrò. Ó dìde. Ọmọ rẹ́rìn-ín kèékèé, ó na ẹsẹ̀ òsì náà sí mi, ó ní, "Tún ṣe."

Mo tún ṣe é.